Káàdì tí wọ́n ní chip ẹ̀ ti kú: bí Alfa ṣe tún GPU mi ṣe l'Òṣogbo

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹni tí ò ráyè lè máa bá tiẹ̀ lọ: máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Alfa. Ẹyọ kan tí mo yọ yẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi àti ọ̀rọ̀ fáànù kan báyìí ni, màá débẹ̀. Ṣùgbọ́n tí GPU yín (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà) bá já bọ́, tó tẹ̀, tó kán létí, tàbí tí ẹnì kan ti bá yín fi sikirudíráfà ha á lára, tẹ́ ẹ sì wà l'Òṣogbo tàbí ìtòsí, Ẹdẹ, Ìkìrun, Ìlobùú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Alfa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye tẹ́ ẹ máa fi ra òmíràn.

Iṣẹ́ fídíò òde ni mò ń ṣe. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìwúyè, ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n bá ti yà á tán èmi ni mo máa ń jókòó gé e. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé e, ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó, díẹ̀díẹ̀ ni mo ra ẹ̀yà ẹ̀ láti Computer Village n'Íkẹjà, wọ́n á fi í sọ́kọ̀ ní gáréèjì, èmi á lọ gbà á. GTX 1660 Super ló wà nínú ẹ̀, tòkúnbọ̀. Kì í ṣe káàdì àwọn ọlọ́lá mọ́, ọdún 2019 ni wọ́n gbé e jáde, mẹ́mọ́rì ẹ̀ ò ju 6GB lọ, àmọ́ ó ní NVENC, nǹkan yẹn ló ń bá mi render (kó kó fídíò tí mo gé jọ di ẹyọ kan), iṣẹ́ tí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) lásán máa fi gbogbo òru fà, òun á ti ṣe é tán kí n tó rokà jẹ. Òun ló ń bọ́ mi, kí n má parọ́.

Ìparí oṣù tó kọjá ni mo kó láti Òkè-Báálẹ̀ lọ sí apá Òkè-Fíà. Kòròpé ni mo gbà, mo gbé ilé kọ̀ǹpútà náà dúró ṣánṣán sáàárín àpò aṣọ àti ìkòkò, mo rò pé mo gbọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín báyìí. Tó bá dúró bẹ́ẹ̀, káàdì inú ẹ̀ á nà gbọọrọ ni, apá kan péré ló ti rí nǹkan dì mú, bí ìgbà téèyàn na ọwọ́ kan gbé korobá omi, gbogbo kòtò tí mọ́tò bá ti wọ̀, ọwọ́ yẹn ló ń jẹ ẹ́. Kòtò kan sì wà lọ́nà yẹn (mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n), bá a ṣe bọ́ síbẹ̀ ni mo gbọ́ tó dún "kọ́" nínú ẹrù mi, mo ní ìkòkò ni.

Mo délé mo tò ó, mo tẹ̀ ẹ́ kó tàn, fáànù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó gbọ̀n, ó dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Alhaja tí mo ya fídíò ìgbéyàwó ọmọ wọn pè mí, "Ọmọ mi, fídíò wa ńkọ́ o?" Mo ní ó ku díẹ̀ mà. Irọ́ ni. Kò ku díẹ̀, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ pè, mi ò ní sọ orúkọ ẹ̀, mi ò ní sọ àdúgbò ẹ̀, torí òun kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó wá sílé. Ó tú sikirù méjèèjì, ó gbá káàdì mú, ó fà á, kò wá. Ó tún fà á, ó ń mì í sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń fa ẹ̀gẹ́ tu lóko. Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà tó máa ń gbá ìdí káàdì mú, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ kó ṣí kó tó fà á, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì rí ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Bàbá ò mọ̀ ọ́n. Ó mú sikirudíráfà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, ó fi gbé e nídìí, irin yẹn yọ̀, ó ha ẹ̀yìn káàdì gẹ̀rẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà nǹkan dún "káù," ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti wá." Ìkọ́ ìdí káàdì ló kán tó fi wá.

Ó gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó lo ọjọ́ méjì. Nígbà tó dá a padà, ó ń rùn bí wáyà tó jóná, apá fáànù kan ti kán (èyí ò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀), ó ní chip (ọpọlọ káàdì) ti kú, òun ti fi hot air, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, sí i títí, kò jí. Ó wá ní ṣé kí òun fún mi ní 10k kí òun gbà á lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni ara ti fu mí. Òkú káàdì, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní kí n fi sínú ófùn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí fídíò ẹ̀, wọ́n á tú fáànù kúrò, wọ́n á ti bọ́ọ̀dù bọ ófùn bíi búrẹ́dì, wọ́n á ní ó ti jí. Irin tí wọ́n ń yọ́ fi lẹ chip mọ́ bọ́ọ̀dù láyé ìsinsìnyí (lẹ́ẹ̀dì la ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní òjé nínú mọ́), ó máa ń tó nǹkan bíi 217°C kó tó yọ́, bẹ́ẹ̀ 200 làwọn tó ń ṣe é nílé máa ń fi ófùn sí. Kò tiẹ̀ yọ́! Ooru yẹn kàn lè jẹ́ kí ibi tó já nínú chip fara kan ara ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ni, á tún padà kú, ófùn tẹ́ ẹ sì fi ń yan ẹran á ti gba èéfín pílásítíìkì sára. Ẹ jẹ́ ká fi ófùn sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe kéèkì.

Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù l'Ọláìyá ni mo ti gbọ́ nípa Alfa. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lápá Alékúwodò, kò tóbi, ohun tí wọ́n kọ síta ni laptop, inverter àti TV, ẹ ò lè mọ̀ láéláé pé wọ́n ń fọwọ́ kan GPU níbẹ̀. Ooru ń mú nínú ẹ̀ kọjá sísọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti wọlé ẹ máa rí máíkírósíkópù kan tó ní ojú tẹlifíṣọ̀n, ohun tí wọ́n bá ń ṣe, gbogbo ẹni tó jókòó ló ń rí i, lábẹ́ tábìlì páálí ńlá kan wà tó kún fún òkú káàdì. Páálí yẹn, mo máa tún sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Mo rò pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi kí wọ́n tì í bọ kọ̀ǹpútà kan wò. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Alfa, ẹ ò ní tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ni?" Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àbúrò, ẹni tí wọ́n gbé dé láti ibi jàǹbá mọ́tò, ṣé wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ sáré ná?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní káàdì tó bá ní ṣọ́ọ̀tì lára (ibi tí iná ti gba ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà), tí wọ́n bá kàn tì í bọ kọ̀ǹpútà, ó lè ba nǹkan mìíràn jẹ́ níbẹ̀, ojú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi wò, lẹ́yìn náà mẹ́tà tí wọ́n fi ń wọn iná. Owó àyẹ̀wò N3,000, tó o bá gbà kí wọ́n ṣe é wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́, tó ò bá gbà ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ kí n tó jókòó. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí léèrè, "Ta ló ti fọwọ́ kàn án?" Mo ròyìn. Wọ́n ní "Sùbúhánàllàh," wọn ò sọ nǹkan kan sí i nípa ọkùnrin yẹn, wọ́n gbé káàdì sábẹ́ máíkírósíkópù.

Ibí yìí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Nídìí káàdì, lókè eyín aláwọ̀ góòlù tó ń wọ inú bọ́ọ̀dù, àwọn kápásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀) kéékèèké wà níbẹ̀ tí wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju hóró iyọ̀ lọ. Ọ̀nà 16 ni káàdì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní méjì méjì, ó jẹ́ 32. Alfa kà á, wọ́n ní méjì ò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ó wọ híjáàbù dúdú, kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí mo ti dé, ó kàn ní, "Alfa, mẹ́ta ni sà." Lóòótọ́, ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti ká sókè. Alfa ní, "O ṣeun, ojú mi ń di ojú bàbá arúgbó." Mo mọyì pé ọ̀gá lè gba àtúnṣe lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ lójú kọ́sítọ́mà, èyí ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Mo ní ṣé òun ló pa á nìyẹn? Wọ́n ní rárá o. Tí àwọn yẹn bá bọ́ lápá ibi ìkọ́ tó kán yẹn, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé káàdì á bọ́ láti x16 (ọ̀nà 16) sí x8 (ọ̀nà mẹ́jọ), torí kò sí x13 tàbí x11 nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìdajì ló máa já sí. Wọ́n ní, "Tí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹ, irú káàdì yìí, o lè máà mọ̀ títí o máa fi tà á." Wọ́n lè ṣe é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n gbowó mi, kí ni mo mọ̀?

Mẹ́tà ló wá sọ ohun tó pa á. Wọ́n fi ẹnu mẹ́tà kan ibi tí iná 12V ń gbà wọlé àti ilẹ̀ bọ́ọ̀dù (ground, ibi tí iná ń gbà padà), ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Ṣọ́ọ̀tì gidi. Ìdí nìyẹn tí fáànù fi ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan tó ń dákẹ́, power supply (àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná) ló ń rí ṣọ́ọ̀tì tó ń gé iná kó má bàa jó. Wọ́n tún fi kan ibi tó ń bọ́ chip fúnra ẹ̀, mẹ́tà hàn "píìì," mo ní ó tán, chip ti kú lóòótọ́. Wọ́n ní, "Má dá a lóhùn." Chip ńlá bí irú èyí, tí ara ẹ̀ bá tiẹ̀ le koko, ìlà tó ń bọ́ ọ máa ń ka kékeré gan-an, mẹ́tà tí wọ́n bá fi sórí ohùn á hàn bíi pé ṣọ́ọ̀tì ni, ẹni tí ò bá wo nọ́ńbà tó jẹ́ ohùn nìkan ló ń gbọ́ á ní chip ti kú. Mo kàn ń wo ilẹ̀. Mo ti fẹ́ gba 10k yẹn o, ẹ má jẹ̀ẹ́ n tàn yín jẹ, tí kì í bá ṣe pé Alhaja tún pè lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe rí ibi tí ṣọ́ọ̀tì náà wà. Kápásítọ̀ tó wà lórí ìlà 12V pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, gbogbo wọn so pọ̀, mẹ́tà ò lè sọ èwo ni. Wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá 12V yẹn ti já wọ inú ìlà chip, wọ́n ní tó bá jẹ́ MOSFET (ẹ̀yà tó ń ṣí iná tó sì ń tì í) ló jóná, tí wọ́n bá fi iná sí i, tààrà lá lọ bá chip, wọ́n á sì fi ọwọ́ ara wọn pa á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá fi power supply kékeré kan sí i, 1V péré, wọ́n wá da spirit sórí bọ́ọ̀dù, kì í ṣe oògùn ọgbẹ́ ilé o, èyí tí kì í fi omi sílẹ̀ ni, gbogbo wa tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí ṣọ́ọ̀tì bá wà ló máa gbóná, ibi tó bá gbóná ni spirit á ti kọ́kọ́ gbẹ. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kápásítọ̀ kan lápá ibi tí wáyà iná ń wọ̀ gbẹ fúú láàárín àwọn yòókù. Ọ̀kan péré! Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi mẹ́tà kàn án, ṣọ́ọ̀tì lọ.

Lábẹ́ máíkírósíkópù, ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwo tánńganran tó gba ìlù. Alfa ní bí àwo ló rí lóòótọ́, sẹ́rámíìkì ni, kò mọ títẹ̀, tí bọ́ọ̀dù bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí òun á là, inú ẹ̀ á sì fara kan ara ẹ̀. Kòtò yẹn ni. "Kọ́" tí mo gbọ́ tí mo ní ìkòkò ni. Ìkòkò mi ò ní nǹkan kan.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ lè rí i dáadáa: mọ́tò ba nǹkan kan jẹ́, ọkùnrin tó wá tún un ṣe ba mẹ́rin jẹ́. Ìkọ́, kápásítọ̀ mẹ́ta, ojú ọ̀nà wáyà kan tí sikirudíráfà gé lẹ́yìn, àti fáànù. Àti ooru tó fi sínú chip lásán.

Alfa pe gbogbo ẹ̀ ní 38k, mo bẹ̀ wọ́n, ó di 35k, N3,000 àyẹ̀wò wà nínú ẹ̀. Tòkúnbọ̀ irú káàdì yẹn tí mo béèrè lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pè é lé ní 200k, ẹ fi wé e. Wọ́n ní ìkọ́ yẹn ò ṣeé ṣe, kò sí ẹni tó lè bá èèyàn hun ún padà, kò sì ní dí iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́, káàdì kàn ò ní máa lè ti ara ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù nídìí mọ́ ni. Wọ́n ní ti chip, "Mi ò lè búra fún un, wọ́n ti ya iná sí i lára. Màá tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Tí mẹ́mọ́rì ẹ̀ bá ti ń ṣe ségesège, màá pè ẹ́ kí n tó ná owó ẹ."

Ohun tó jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ṣẹlẹ̀ níwájú mi. Ọmọkùnrin kan wọlé, ó jọ ọmọ yunifásítì, ó gbé káàdì ńlá kan wá, fáànù mẹ́ta, èyí tí ẹnu ò lè sọ iye ẹ̀. Ó ní ó ń tàn, ó ń kú. Alfa wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù, wọ́n fi hàn án: bọ́ọ̀dù ti là ní kọ̀rọ̀ ibi ìkọ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí irun. Káàdì wúwo, kò sí nǹkan tó gbé e dúró lábẹ́, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń rọ̀. Ọmọ yẹn ní ṣebí ẹ máa ń fi wáyà so ó pọ̀. Alfa ní, "Èyí tó wà níta ni mo lè so. Bọ́ọ̀dù yìí, bí ewé tí wọ́n fi di mọ́ínmọ́ín ló rí, ewé wà lábẹ́ ewé, ojú ọ̀nà wáyà wà nínú gbogbo ẹ̀, èyí tó já láàárín, irin mi ò lè débẹ̀." Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun á san 60k. Wọn ò gbà. Wọn ò tiẹ̀ gba N3,000 lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní ojú lásán làwọn fi rí i. Ọmọ yẹn jáde bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ó tó, ká padà sórí tèmi. Ìgbà yẹn ni páálí òkú káàdì wúlò. Ọmọbìnrin yẹn ló wá káàdì tó ní irú kápásítọ̀ bẹ́ẹ̀, ó yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń wọ̀n wọ́n: 0.22 microfarad, ọ̀kan ka kékeré, ó jù ú nù, ó mú òmíràn. Ó ní kì í ṣe pé kó ṣáà ti jọ ọ́ o, gbogbo wọn ló jọra. Alfa lẹ wọ́n. Ojú ọ̀nà tó gé yẹn, wọ́n ha awọ dúdú orí ẹ̀ títí bàbà pupa fi yọ, wọ́n fi wáyà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí mi lọ so ó, wọ́n da oje àwọ̀ ewé kan bò ó, wọ́n tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i, ó le. Ẹ wá wo ẹ̀yìn káàdì mi báyìí, ó ní àpá kékeré aláwọ̀ ewé, ó rẹwà lójú mi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ní ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́fà ló gbà wọ́n. Mo mọ̀ pé iná ò sí (Òṣogbo níbí ni wọ́n ti ń darí ọ̀nà iná gbogbo Nàìjíríà, ẹ má bi mí ní nǹkan kan), mo mọ̀ pé hot air ń fa iná tí inverter wọn ò lè gbé, wọ́n ní láti tan jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ wọ́n ti ilẹ̀kùn ní agogo méjìlá, mo débẹ̀ ní agogo kan, mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù títí di agogo mẹ́ta. Wọn kì í gbé ìpè. Kì í ṣe pé wọ́n ń sá o, tí wọ́n bá ti tẹjú mọ́ máíkírósíkópù fóònù á dún títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èmi tí Alhaja ń pè láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ni kí n máa sọ fún wọn? Tí wọ́n bá mọ̀ pé ó máa gba ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹni tó lè sọ òótọ́ nípa bọ́ọ̀dù tó là, kí ló dé tí kò lè sọ òótọ́ nípa ọjọ́? Kò sí rísíìtì náà. Gàráǹtì oṣù kan, ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́ sí WhatsApp tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí i, mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á, wọn ò kàn gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n tì í bọ kọ̀ǹpútà tiwọn níwájú mi, wọ́n fi FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, gùn ún lára fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó gbóná dé 71°C, ó dúró síbẹ̀. Wọ́n yẹ mẹ́mọ́rì ẹ̀ wò, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí ooru tí wọ́n ti fi sí i yẹn, kò sí àṣìṣe kankan. Wọ́n wá ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ bí káàdì ṣe rí. Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ jà, torí mo rí "x16 3.0 @ x16 1.1," mo ní Alfa, 1.1 kẹ̀? Wọ́n ní, ìyára ni nọ́ńbà yẹn, nǹkan tó ń sinmi ni, kò níṣẹ́ tó ń ṣe, ó rọ ara ẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa jẹ iná. Wọ́n tẹ àmì ìbéèrè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n fún un níṣẹ́ díẹ̀, ó fò lọ sí 3.0. Nọ́ńbà tó yẹ kéèyàn máa wò ni x16 yẹn, òun ló ń sọ pé gbogbo ọ̀nà pé. Tẹ́ ẹ bá ra tòkúnbọ̀, ẹ yẹ ibẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ìdí ẹ̀ pẹ̀lú iná fóònù, ẹ wá ibi tí hóró ti sọnù lórí ìlà yẹn. Àmọ́ àwọn káàdì kan wà tó jẹ́ x8 ni wọ́n ṣe wọ́n láti ilé iṣẹ́ o, ẹ má lọ bá ẹni tó tà á fún yín jà nítorí ìyẹn.

Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé kọ̀ǹpútà rìn. Tó bá jìnnà, kí n yọ káàdì, kí n gbé e lé itan mi. Tí mi ò bá lè yọ ọ́, kí n dá ilé kọ̀ǹpútà dùbúlẹ̀ kí bọ́ọ̀dù ńlá wà nísàlẹ̀, káàdì á dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ bí igi, kòtò ò ní rí i tẹ̀. Torí ìkọ́ tí kò sí mọ́, kí n wá nǹkan gbé e lábẹ́. Mo ra irin kékeré kan fún un, àmọ́ kó tó dé, ìdérí ìgò èròjà ìsebẹ̀ ìyá mi ni mo fi ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ṣiṣẹ́.

Fáànù ni ìjà wa. Èyí tó kán yẹn, wọ́n fi ti òkú káàdì kan pààrọ̀ ẹ̀ láìbi mí. Àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, ìyẹn ò dùn mí, ta ló ń wo inú kọ̀ǹpútà mi? Àmọ́ ó ń pariwo. Tí render bá ti le, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké "kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀" bí ẹ̀rọ ìlọta tí epo ti tán nínú ẹ̀. Wọ́n ní kí n lò ó díẹ̀, á rọ̀. Kò rọ̀. Ó yẹ kí wọ́n sọ pé tuntun wà ní iye báyìí, ògbólógbòó wà ní iye báyìí, kí n mú èyí tó wù mí.

Fídíò Alhaja jáde lọ́jọ́ kẹta tí mo gbà á, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ni fídíò yẹn, ó parí láìkú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wò ó tán, wọ́n pè mí, mo rò pé àdúrà ni, wọ́n ní kí ló dé tí gèlè wọn fi pupa jù, pé àwọ̀ ìyeyè ni àwọn wé lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi GPU, èmi ni mo fi àwọ̀ ṣeré. Mo ń tún un ṣe báyìí tí mò ń kọ èyí, fáànù yẹn ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Sátidé ni mò ń gbé e padà lọ sí Alékúwodò, mo ti fi fídíò ariwo ẹ̀ ránṣẹ́ sí Alfa, wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí i.